Fọ́ọ̀mù Báńdì: Sátidé Kan ní Sábó, Ṣágámù

Ewé ìwé kan ṣoṣo ni fọ́ọ̀mù náà. Orúkọ ọmọ, kíláàsì rẹ̀, irinṣẹ́ tó wù ú láti kọ́, àti àyè tí òbí máa fọwọ́ sí. Ọmọ àbúrò mi obìnrin ló gbà á. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ SS1. Àwọn àgbà inú báńdì kọ́lẹ́ẹ̀jì wọn ti ṣe WAEC tán, wọ́n ti lọ, tíṣà tó ń darí báńdì sì fẹ́ fi àwọn ọmọ tuntun dí àlàfo wọn kí ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá tó dé, nígbà tí àwọn ilé ẹ̀kọ́ máa yan níwájú àwọn aláṣẹ. Ó fẹ́ rí fọ́ọ̀mù padà lọ́jọ́ Mọ́ńdè.

Lọ́dọọdún, bí oṣù Kẹsàn-án bá ti wọlé, ìbéèrè yìí máa ń dé ọ̀pọ̀ ilé ní Rẹ́mọ. Ojú ẹsẹ̀ ni ọ̀pọ̀ òbí ti máa ń dá a lóhùn. Bẹ́ẹ̀ ni, nítorí aṣọ báńdì wu ojú rí. Tàbí rárá, nítorí ìwé kíkà. Ilé àbúrò mi lo odindi ọjọ́ kan lórí rẹ̀, láti ìdájí di alẹ́, mo sì wà níbẹ̀. Ibi tí ojú mi ò tó, mo bi ẹni tí ojú rẹ̀ tó o. Mo tò ó ní wákàtí sí wákàtí kí òbí mìíràn tí irú ìwé bẹ́ẹ̀ bá dé iwájú rẹ̀ lè rí ibi tí ọ̀rọ̀ ti yí.

Aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí

Sábó máa ń tètè jí. Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tí ìpè àdúrà fi ń dún láti mọ́sáláṣí kan bọ́ sí òmíràn, tí àwọn onímọ́tò tó sùn sínú ọkọ̀ wọn sì ń wá omi tí wọ́n máa fi bọ́jú. Bàbá ọmọ náà, tó ń ṣòwò obì gbànja, jáde lọ kírun. Ìyá rẹ̀ wà lẹ́nu iṣẹ́ alẹ́, nọ́ọ̀sì ni. Ọmọ náà ò fi bẹ́ẹ̀ sùn. Fọ́ọ̀mù ti wà nínú báàgì rẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, ìyá wa, ìyá àgbà rẹ̀, nìkan ló sì ti fi í hàn. Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé òun jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì nínú òkùnkùn, òun ń fi ìka lu etí tábìlì: ọ̀tún, òsì, ọ̀tún, ọ̀tún, òsì, ọ̀tún, òsì, òsì. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó wà nínú báńdì ló kọ́ ọ. Ó wà lára ohun tí gbogbo onílù báńdì kọ́kọ́ máa ń kọ́, nítorí pé ó ń jẹ́ kí ọwọ́ méjèèjì máa gba ipò iwájú lọ́wọ́ ara wọn.

Aago méje ààbọ̀ òwúrọ̀

Àbúrò mi wọlé, oorun wà lójú rẹ̀. Kò tíì bọ́ bàtà tán tí fọ́ọ̀mù fi dé iwájú rẹ̀. Ó kà á, ó gbé e sórí tábìlì, ó ní, "Ẹ jẹ́ kí n sùn ná. Ẹni tí oorun ń kùn kì í dájọ́."

Ọkọ rẹ̀ ló fèsì. "Ṣé báńdì ló máa gbé e dé yunifásítì?"

Ọmọ náà wo ilẹ̀. Ìyá wa ń ṣa ẹ̀wà lọ, kò gbójú sókè. Mo ní èmi máa mú un lọ wo ìdánrawò wọn ní aago mọ́kànlá, kí a lè mọ ohun tí à ń sọ. Àbúrò mi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ yàrá. Ó dúró. "Ẹ ṣeun, Àǹtí. Ẹ bá mi fojú sí i dáadáa o."

Aago mẹ́sàn-án

Abẹ́ àtíbàbà obì ni bàbá ọmọ náà ti bá ará ìta sọ ọ̀rọ̀ yìí fún ìgbà àkọ́kọ́. Òwò obì ló fìdí Sábó múlẹ̀ ní Ṣágámù. Àwọn Hausa tó wá ra gbànja láti kó o lọ sí Òkè Ọya ló tẹ̀dó síbẹ̀, títí di òní, wọ́n ṣì ń ṣà á, wọ́n ń ya èyí tó ti kan sọ́tọ̀, wọ́n ń fi ewé tẹ́ inú apẹ̀rẹ̀ kí obì má baà gbẹ lójú ọ̀nà. Alhaji kan tí òun àti bàbá ọmọ yìí ti jọ ń ṣòwò láti ọjọ́ pípẹ́ bi í pé kí ló ń dà á láàmú. Ó sọ ọ́.

Alhaji ní ọmọ òun ọkùnrin wà nínú báńdì kọ́lẹ́ẹ̀jì nígbà tirẹ̀, pé báàsì ló lù. Ó ní ọdún díẹ̀ lẹ́yìn ìjà 1999 ni.

Ẹni tó bá mọ Ṣágámù mọ ìjà náà. Nínú oṣù Keje 1999, lásìkò ọdún Orò, ìjà bẹ́ sílẹ̀ láàárín Yorùbá àti Hausa nílùú yìí. Ọ̀pọ̀ ẹ̀mí ṣòfò, ilé àti dúkìá jóná, kò sì pẹ́ tí àwọn kan fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ̀san ní Kánò. Ọ̀pọ̀ tó sá kúrò ní Sábó padà wá díẹ̀díẹ̀, òwò padà kí ìfọkàntán tó padà. Alhaji ní nígbà tí ọmọ òun sọ pé òun fẹ́ wọ báńdì, ẹ̀rù ba òun láti jẹ́ kó máa dúró sílé ẹ̀kọ́ di ìrọ̀lẹ́ láàárín àwọn ọmọ onílùú. Òun náà lọ wò ó. Òun bá ọmọ òun àti ọmọ onílùú kan láti Mákùn tí wọ́n jọ di báàsì ńlá náà mú lápá ọ̀tún àti òsì, wọ́n ń gbé e jáde nínú yàrá, wọ́n ń bá ara wọn jà lórí ẹni tó máa kọ́kọ́ gba ẹnu ọ̀nà.

"Ìjà ọmọdé," ni Alhaji wí. "Mo fọwọ́ sí i lọ́jọ́ yẹn."

Bàbá ọmọ náà padà sídìí obì rẹ̀, kò sọ pé òun gbà, kò sì sọ pé òun kọ̀.

Aago mọ́kànlá

Nígbà tí a dé pápá, tíṣà ti to irinṣẹ́ sórí bẹ́ńṣì. Sáìdì-dírọ́ọ̀mù mẹ́fà, wọ́n ti fi téépù dí awọ ọ̀kan níbi tó ti bẹ́. Báàsì ńlá kan. Símbálì. Bíùgù mélòó kan tí ara wọn ti jọ̀ọ̀rọ̀. Tírọ́ńpẹ́ẹ̀tì mẹ́rin, bọ́tìnnì kan lára ọ̀kan nínú wọn kì í dìde mọ́ bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́. Ohun tí ilé ẹ̀kọ́ ní nìyẹn, àwọn ọmọ náà sì ń nù wọ́n pẹ̀lú aṣọ funfun gẹ́gẹ́ bí ohun iyebíye.

Tírọ́ńpẹ́ẹ̀tì ni ọmọ wa kọ sínú fọ́ọ̀mù. Tíṣà ní gbogbo ọmọ tuntun ló máa ń kọ ọ́, torí òun ló ń dán. Ó yọ ẹnu rẹ̀ fún un, ẹnu nìkan, ó mú fèrè tó kù dání. "Má kàn fẹ́ atẹ́gùn sínú rẹ̀ lásán. Pa ètè méjèèjì pọ̀, kí atẹ́gùn fi agbára gba àárín wọn kọjá. Ètè ló ń ké, irin kàn ń gbé ohùn rẹ̀ jáde ni." Atẹ́gùn lásán ló jáde. Ó tún ṣe é, ohùn kan bẹ́ jáde, ó sì kú. Tíṣà fi bíùgù hàn án, tí kò ní bọ́tìnnì kankan. Ìwọ̀nba ohùn díẹ̀ ló lè mú jáde, ètè àti èémí ẹni tó ń fun ún nìkan ló sì ń yà wọ́n sọ́tọ̀. Ó ní ọmọ tó bá ń gbìyànjú lójoojúmọ́ lè lo oṣù mẹ́ta kí ohùn rẹ̀ tó dúró. Ọjọ́ tí wọ́n máa yan ò sì pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mọ́.

Lẹ́yìn náà ló gbé ìlù fún un. Ó fi okùn rẹ̀ kọ́ ọ léjìká ọ̀tún, ìlù rọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ itan òsì, ojú rẹ̀ dagun. Nítorí pé ojú ìlù dagun bẹ́ẹ̀ ni onílù fi máa ń di ọ̀pá òsì mú pẹ̀lú àtẹ́lẹwọ́ lókè, nígbà tí àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún dojú kọ ilẹ̀. Láti ọ̀dọ̀ àwọn sójà tó ń gbé ìlù rìn láyé àtijọ́ ni ìdìmú yìí ti wá. Ọmọ náà lu ohun tó ti ń lù sí etí tábìlì láti ìdájí. Tíṣà ò sọ̀rọ̀. Ó ní kó tún un lù kíákíá. Ó tún un lù.

Ìdúró lu ìlù rọrùn o. Ìrìn ló kù. Báńdì máa ń rìn ní nǹkan bí ìṣísẹ̀ 120 ní ìṣẹ́jú kan, ẹsẹ̀ òsì ló ń ṣáájú, báàsì sì ń dún bí ẹsẹ̀ òsì bá ti kanlẹ̀. Gbàrà tí ọmọ wa gbé ẹsẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ gbàgbé ohun tó mọ̀. Ìlù ń gbá a nítan. Ó yí gba ọ̀tún nígbà tí àwọn yòókù yí gba òsì. Òógùn bò ó. Ọ̀kan nínú àwọn tó ń lu ìlù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sọ fún un pé, "Má gbọ́ tìẹ. Báàsì ni kó o máa gbọ́." Ó gbọ́ ìmọ̀ràn yẹn. Nígbà tó máa fi di ìrìn tó tẹ̀ lé e, mo rí i tí ejìká rẹ̀ wálẹ̀, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ́ sí àárín tiwọn. Inú mi dùn dé ibi tí mi ò lérò. Ọmọ tó máa ń fẹ́ kí gbogbo ilé gbọ́ ohùn òun ti gbà láti fi etí sí ohùn ẹlòmíràn kó tó lè mọ ibi tí òun wà.

Kí a tó kúrò lórí pápá yìí, ó yẹ kí a mọ bí báńdì ṣe dé ọ̀dọ̀ wa. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹwàá 1883 ni William Alexander Smith dá ẹgbẹ́ Boys' Brigade sílẹ̀ ní Glasgow, ní Scotland, láti máa fi yíyan àti ẹ̀kọ́ Bíbélì tọ́ àwọn ọmọkùnrin. Ní 1908, ó ti dé Èkó. Ibi tí ìjọ Mẹ́tọ́díìsì àti Áńgílíkà bá ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ ni Brìgéèdì máa ń bá wọn dé pẹ̀lú ìlù àti bíùgù rẹ̀, ìjọ méjèèjì yìí sì kọ́ ilé ìwé púpọ̀ sí Rẹ́mọ. Ní etíkun Gánà, ẹ̀yìn àwọn sójà tí òyìnbó kó wá láti erékùṣù West Indies ni àwọn ọmọ Cape Coast ti kọ́ fèrè ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Wọ́n sọ ọ́ di orin tí wọ́n ń pè ní àdáhà, àdáhà sì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn orísun háíláìfù tí Victor Ọláìyá fi tírọ́ńpẹ́ẹ̀tì rẹ̀ gbé dé gbogbo ilé wa. Àwọn òyìnbó pàápàá, ọ̀dọ̀ àwọn sójà Tọ́kì ni wọ́n ti kọ́ báàsì ńlá àti símbálì ní ọ̀rúndún kejìdínlógún. Kàkàkí sì ti ń dún níwájú àwọn ọba Hausa àti níwájú Aláàfin kí bíùgù kankan tó dé. Nítorí náà, bí ẹnìkan bá sọ fún mi pé nǹkan òyìnbó ni báńdì, n ò ní bá a jà, ṣùgbọ́n màá ní kó bi Alhaji.

Nǹkan bí aago méjìlá ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, fóònù tíṣà dún. Ó rìn lọ sápá ọ́fíìsì kó lè gbọ́rọ̀.

Kò tíì yí igun ilé tí ọ̀gá báńdì, ọmọ SS3 kan, fi pe àwọn ọmọ mẹ́ta tó ṣi ẹsẹ̀ gbé jáde. Ó ní kí wọ́n kúnlẹ̀, kí wọ́n na ọwọ́ síwájú. Ó gba ọ̀pá ìlù lọ́wọ́ ọ̀kan nínú wọn, ó sì ń fi lu eegun ìka wọn, lọ́kọ̀ọ̀kan, bí àwọn yòókù ṣe ń kà á. Wọ́n ń kà á pọ̀, ohùn wọn ṣọ̀kan, bí wọ́n ṣe máa ń ka ìṣísẹ̀. Ọmọ kan ń rẹ́rìn-ín. Ọmọ tí wọ́n ń lù náà ń gbìyànjú láti rẹ́rìn-ín. Ọmọ wa dúró pẹ̀lú ìlù lára, kò kà á, kò sì kúrò lójú kan. Mo dìde láti ibi tí mo jókòó sí, mo ní kó dáwọ́ dúró. Ó dá a dúró, ó sì dọ̀bálẹ̀ kí mi pẹ̀lú ọ̀wọ̀.

Nígbà tí tíṣà dé, mo sọ ohun tí mo rí fún un. Ó banújẹ́, mo rí i lójú rẹ̀. Ó tún ní, "Mà, bí wọ́n ṣe ṣe fún àwa náà nìyẹn. Mo máa bá a sọ̀rọ̀." Mo gbà pé ó máa bá a sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n gbólóhùn àkọ́kọ́ ló bá mi dé ilé.

Aago kan ààbọ̀ ọ̀sán

Ìyá wa ti se ìkọ́kọrẹ́. Ó fi ẹja gbígbẹ sí i, ó fi epo tó dára sè é, a sì jẹun láìsọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó bi ọmọ náà pé báwo ni wọ́n ṣe ṣe é. Ó ní ó dára. Ìyá wa wò ó, ó wò mí.

Lẹ́yìn oúnjẹ, ìyá wa sọ bó ṣe yan lọ́jọ́ tí Nàìjíríà gba òmìnira, 1960. Ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni. Wọ́n fún wọn ní kọ́ọ̀bù tí àsíá tuntun wà lára rẹ̀. Kò rántí ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni tó gun pèpéle lọ́jọ́ náà. Ohun tó rántí ni oòrùn, àti ọmọ tó wà lápá ọ̀tún rẹ̀ tí òyì kọ́, tí òun àti ẹni tó wà lódì kejì fi ejìká gbé e dúró títí wọ́n fi kọjá níwájú àwọn àlejò.

"Ẹ jẹ́ kó ṣe é," ló wí. "Ọmọ tó bá dá wà nílé pẹ̀lú fóònù lójoojúmọ́, ta ló máa fi ejìká gbé e?"

Aago mẹ́ta ààbọ̀

Àbúrò mi jí. Etí ló ti bẹ̀rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí nọ́ọ̀sì. Ó ní ariwo tó bá dé décibel 85 fún wákàtí mẹ́jọ lójúmọ́ ti tó láti máa ba etí jẹ́ díẹ̀díẹ̀, ìlù báńdì sì máa ń kọjá 100 nítòsí ẹni tó ń lù ú. Bí ọmọ náà bá máa ṣe é, ó gbọ́dọ̀ máa fi nǹkan dí etí. Ó béèrè bóyá omi wà ní pápá. Ó béèrè iye ọjọ́ tí wọ́n ń dánra wò lọ́sẹ̀. Ìbéèrè gidi ni gbogbo wọn, mo sì dá a lóhùn bí mo ṣe mọ̀.

Lẹ́yìn náà ni mo sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí tíṣà lọ gbọ́ fóònù.

Ó dákẹ́. Mo wá sọ ìtàn kan tí ó wà lọ́kàn mi láti ọ̀sán. Ní Yunifásítì Florida A&M ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n dá sílẹ̀ fún àwọn aláwọ̀ dúdú, báńdì kan wà tí wọ́n ń pè ní Marching 100. Ní 1946 ni William P. Foster bẹ̀rẹ̀ sí í darí rẹ̀, ó sì lo ohun tó lé ní ọdún 50 nídìí rẹ̀. Ní ọjọ́ 14 oṣù Keje 1989, nígbà tí Faransé ń ṣe ayẹyẹ igba ọdún ìyípadà ìjọba wọn, báńdì yìí yan ní Paris lórúkọ Amẹ́ríkà. Kò sí ọmọ aláwọ̀ dúdú tó fẹ́ràn fèrè tàbí ìlù ní ilẹ̀ náà tí kò mọ orúkọ wọn. Ní alẹ́ ọjọ́ 19 oṣù Kọkànlá 2011, lẹ́yìn eré bọ́ọ̀lù kan ní Orlando, ọ̀kan nínú àwọn tó ń ṣáájú báńdì náà, Robert Champion, ọmọ ọdún 26, wọ bọ́ọ̀sì kan tí wọ́n páàkì sí ọgbà òtẹ́ẹ̀lì. Àṣà wọn ni pé kí ẹni tó bá fẹ́ gba ọ̀wọ̀ rìn láàárín ìjókòó láti iwájú dé ẹ̀yìn, kí àwọn yòókù máa lù ú bó ṣe ń kọjá. Ó dé ẹ̀yìn. Alẹ́ ọjọ́ yẹn náà ló kú. Wọ́n gbé àwọn tó lé ní mẹ́wàá lọ sílé ẹjọ́, ilé ẹjọ́ rán ọ̀kan nínú wọn lọ sẹ́wọ̀n ọdún tó lé ní mẹ́fà, ààrẹ yunifásítì náà fipò sílẹ̀, báńdì ò sì jáde mọ́ títí di 2013.

Àwọn tó lù ú kì í ṣe ọ̀tá rẹ̀. Wọ́n jọ ń rìn ni. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nìyẹn. Ohun tó mú kí ọmọ púpọ̀ rìn pẹ̀lú ẹsẹ̀ kan náà, tó jẹ́ ẹwà báńdì, ló tún lè mú kí wọ́n máa ka iye ọ̀pá tí ọmọ mìíràn jẹ. Ìwé kíkà ni gbogbo òbí máa ń fi ṣe ìbéèrè àkọ́kọ́. Lójú tèmi, ìbéèrè tó yẹ kó ṣáájú ni: ta ló wà pẹ̀lú àwọn ọmọ nígbà tí tíṣà bá yí igun ilé?

A ò mọ̀ pé ọmọ náà ti dúró sẹ́nu ọ̀nà.

"Àǹtí, ẹ tún sọ fún màmá mi pé báńdì Tennessee State gba Grammy," ló wí. Ó ti rí i lórí fóònù. Òótọ́ ni, ní oṣù Kejì 2023 ni, fún àwo orin ìhìnrere wọn. Ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀. "Mi ò kà á pẹ̀lú wọn, màmi. Àǹtí rí mi. Ṣùgbọ́n tí mo bá wọ báńdì, wọ́n máa ní kí n máa kà á."

Ìyá rẹ̀ bi í pé, "Tí wọ́n bá ní kó o kà á ńkọ́?"

"Mi ò mọ̀."

Mo bọ̀wọ̀ fún ìdáhùn yẹn ju gbogbo ìlérí tí ọmọ lè ṣe lọ.

Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́

Ó ní òun fẹ́ lọ bi ẹnìkan léèrè. Ó gba ọ̀dọ̀ aránṣọ kan lọ nítòsí ọjà Sábó, ọmọbìnrin tó lu ìlù nínú báńdì náà ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn. Ẹnu àwọn méjèèjì ni mo ti gbọ́ ohun tí wọ́n sọ. Aránṣọ náà ò fi nǹkan kan pamọ́. Ó ní òun jẹ ọ̀pá. Ó ní èsì ìdánwò òun lọ sílẹ̀ ní tááàmù kan, òun sì gbé e padà ní tááàmù kejì, torí tíṣà ìgbà náà máa ń gba ìwé èsì wọn wò kó tó fún wọn nírinṣẹ́. Ó ní ẹ̀yìn ìgbà tí òun dé SS3 ni òun di ọ̀gá àwọn onílù, òun sì kọ̀ láti lu ẹnikẹ́ni.

"Ṣé wọ́n gbọ́ràn sí yín lẹ́nu?" ni ọmọ wa bi í.

"Ó pẹ́ díẹ̀ kí wọ́n tó gbọ́. Mo máa ń ní kí ẹni tó bá ṣi ẹsẹ̀ gbé wá dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ká jọ rìn ín. Ó máa ń tì wọ́n lójú."

Ó kó aṣọ tó ń rán sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó wọn ìbàdí àti èjìká ọmọ wa, ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀. Ó ní bó bá jẹ́ pé ó máa wọ aṣọ báńdì, òun lòun máa rán an, owó òwú nìkan lòun máa gbà.

Nígbà tó délé, ó fi rọ́bà pa tírọ́ńpẹ́ẹ̀tì rẹ́ lórí fọ́ọ̀mù, ó kọ ìlù.

Aago méje ààbọ̀ alẹ́

Wọ́n ti mú iná lọ. Bàbá ọmọ náà dé, ó wẹ̀, ó jókòó síta níbi tí atẹ́gùn wà. Ọ̀rọ̀ owó ni ó kọ́kọ́ dá: aṣọ, bàtà funfun, ìbọ̀wọ́, owó ọkọ̀. Ọmọ náà sọ ohun tí aránṣọ sọ. Bàbá rẹ̀ ní èyí dínkù díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló sọ ọ̀rọ̀ Alhaji, látòkè délẹ̀, bí mo ṣe kọ ọ́ sókè yìí. Ó ní òun ti ń ronú lé e láti àárọ̀. Ó yí sí mi. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin lẹ rí wọn. Kí lẹ rí?"

Mo sọ ohun tí mo rí, ìrìn àti ọ̀pá. Inú bí i gidigidi nígbà tó gbọ́ ti ọ̀pá. Ó ní ọ̀rọ̀ parí, ọmọ òun ò ní lọ kúnlẹ̀ fún ọmọ ẹnikẹ́ni. Àbúrò mi jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán. Ó ní, "Bàbá Àgbà," torí bẹ́ẹ̀ ló máa ń pè é bó bá fẹ́ kó rọlẹ̀, "ẹ jẹ́ ká bi tíṣà náà. Bí ìdáhùn rẹ̀ ò bá tẹ́ wa lọ́rùn, ó parí nìyẹn."

Aago mẹ́sàn-án alẹ́

Àbúrò mi pe tíṣà. Ó gbé e sí ibi tí gbogbo wa máa gbọ́. Wọ́n kí ara wọn pẹ́. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún iṣẹ́ tó ń ṣe, òótọ́ sì ni ọpẹ́ náà, nítorí ọkùnrin yìí kì í gbowó kún owó oṣù rẹ̀ lórí báńdì. Lẹ́yìn náà ló ní, "Sà, ohun tí ẹ̀gbọ́n mi rí lónìí, ṣé ẹ ti bá ọmọ náà sọ ọ́?"

Tíṣà ní òun ti bá a sọ ọ́. Ó ní òun ti gba ipò ọ̀gá lọ́wọ́ rẹ̀ títí wọ́n á fi yan tán, òun sì ti pe bàbá rẹ̀. Ó ní òun ò mọ̀ pé wọ́n ṣì ń ṣe é. Ó dúró díẹ̀. Ó ní òun mọ̀, ṣùgbọ́n òun ò rò pé ó burú bẹ́ẹ̀.

"Tí ẹ bá lọ gbọ́ fóònù lọ́jọ́ mìíràn, ta ló máa wà pẹ̀lú wọn?"

Ó ní òun máa bẹ tíṣà mìíràn kó máa bá òun dúró lórí pápá.

"Lọ́jọ́ kìíní oṣù Kẹwàá ńkọ́, nínú bọ́ọ̀sì?"

Níbẹ̀ ni ó ti há. Ìjókòó kan péré ló kù fún àgbàlagbà nínú bọ́ọ̀sì náà, òun fúnra rẹ̀ sì máa ṣáájú nínú ọkọ̀ tó kó irinṣẹ́. Tíṣà obìnrin tó yẹ kó tẹ̀ lé wọn ń tọ́ ọmọ ọwọ́. Kò tíì rí ẹlòmíràn.

Àbúrò mi wo ọkọ rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ gbé ọwọ́ sókè, ó ní kó máa sọ̀rọ̀ lọ.

"Mi ò sí lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn," ló wí. "Èmi ni màá jókòó síbẹ̀. Aago mélòó ni bọ́ọ̀sì máa gbéra?"

"Aago mẹ́fà àárọ̀, mà. Láti ẹnu géètì."

Ó kọ "aago mẹ́fà, géètì" sẹ́yìn fọ́ọ̀mù, ó yí i síwájú, ó fọwọ́ sí i, ó sì na bírò sí ọkọ rẹ̀.